Ta Ló Sọ Pé Ẹnì Kan Ti Tó Nínú Ọkọ̀ Bàbá Anselme?

Bàbá Anselme Guérineau kú sínú odò Loire lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Karùn-ún, nísàlẹ̀ ibi tí ilé iṣẹ́ tó ń fi nùkílíà ṣe iná mànàmáná ti ń da omi gbígbóná rẹ̀ padà sódò. Àwọ̀n ló fà á sómi. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde sétí odò, àwọn ará ọ́fíìsì tó ń ṣèwádìí ẹja sáré dé. Wọ́n tú ẹja inú àwọ̀n náà, wọ́n kó o sínú àpótí oníyìnyín kó má baà bàjẹ́. Bàbá Anselme wà nílẹ̀ lábẹ́ tapólì títí dókítà fi dé. Ẹja rí yìnyín. Kí ni èèyàn rí?

Ẹ̀yin ará ìlú àti ẹ̀yin ará ọ́fíìsì ẹja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara mọ́ ọ̀rọ̀ mi bó ṣe rí. Mi ò kàwé lọ títí, ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ìyàwó tuntun ni mí ní abúlé yìí. Corentin ọkọ mi ń bá wọn tún ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ṣe láti ìlú dé ìlú, inú kàráfáànù ló ń sùn, ó sì máa ń pẹ́ kí n tó rí i. Nígbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, àfi bí mo bá lọ ra búrẹ́dì ni mo tó ń gbọ́ ohùn ara mi. Bàbá Anselme ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi. Ẹja alose ló mú lọ́wọ́, èyí tó máa ń ti òkun gòkè wá yé ẹyin sórí òkúta wẹ́wẹ́ odò wa.

"Ìyàwó, egungun inú ẹja yìí pọ̀ ju ìlérí olórí ìlú wa lọ. Fi ewé kíkan sè é, kó rọ̀. Bí o bá fi há Corentin lọ́rùn, wọ́n á ní èmi ni mo rán ẹ."

"Bàbá, òun náà dà, tí màá fi há a lọ́rùn?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó jókòó, ó mu wáìnì díẹ̀, ó sì ń bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ látìgbà náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Mo rò pé òun náà ń wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀.

Gbogbo ìgbà ìrúwé ni ọ́fíìsì náà máa ń gbà á kó bá wọn dẹ àwọ̀n, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá omi gbígbóná ń lé alose kúrò níbi ìyéyin rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ta ni kò fẹ́ kí ẹja wà lódò? Ṣùgbọ́n èèyàn méjì ló ń wọ ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀: ọ̀kan á fa àwọ̀n, èkejì á di àjẹ̀ mú. Lọ́dún yìí, wọ́n yọ èkejì. Wọ́n tún ní bí àwọ̀n bá ti ń jáde lómi gẹ́ẹ́ ni kó ti tẹmómítà bọ odò, kó wo bó ṣe gbóná tó. Ọwọ́ méjì fún àwọ̀n, ọ̀kan fún tẹmómítà, àjẹ̀ ńkọ́? Ṣé alákàn ni Bàbá Anselme ni?

Èèwọ̀ ni láàárín àwọn apẹja wa kí ẹnikẹ́ni so okùn àwọ̀n mọ́ ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, kí ọwọ́ lè ráyè fún tẹmómítà. Mo ti gbọ́ ọ níbi tí a ti ń ra búrẹ́dì: "Àgbà apẹja bí i tirẹ̀! Kí ló kó sí i lórí?" Ṣé òun ló yẹ ká bi? Ẹ bi ẹni tó gbé iṣẹ́ ọlọ́wọ́ mẹ́rin fún ọlọ́wọ́ méjì!

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pe ìlú sí gbọ̀ngàn láti gbọ́ àbájáde ìwádìí náà. Wọ́n dárúkọ gbogbo ẹja, títí kan èyí tí kò ju ìka lọ. Wọ́n ṣàlàyé bí òkúta ìyéyin ṣe rí. Wọ́n ní "ìdíwọ́ díẹ̀" ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdíwọ́ wo?"

Ọ̀gbẹ́ni Delorme, ọ̀gá àwọn olùwádìí, wò mí tàánútàánú. "Ìyáàfin, ìròyìn ẹja la wá jẹ́. Kì í ṣe ìròyìn èèyàn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo jókòó. Àga ẹ̀gbẹ́ mi méjèèjì ṣófo.

Bóyá ǹ bá ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n Corentin pè mí lọ́jọ́ Àìkú.

"Olólùfẹ́, inú ẹ á dùn! Ọ́fíìsì ẹja ní kí n wá gba iṣẹ́ Bàbá Anselme. Màá máa sùn nílé. Wàá sọ pé mò ń han-run jù."

"Máa han-run lọ, mo fara mọ́ ọn." Inú mi dùn gan-an. Ìgbà yẹn ni mo bi í: "Ẹ̀yin mélòó nínú ọkọ̀?"

"Èmi nìkan. Ṣùgbọ́n mo mọ odò yẹn dáadáa, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá Anselme náà mọ̀ ọ́n."

Mo fẹ́ kí ọkọ mi wá sílé. Ẹ ò lè mọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó. Síbẹ̀, kò ní wọ ọkọ̀ yẹn lóun nìkan, mo sì gbà gbọ́ pé ẹ̀yin ará ọ́fíìsì lè tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe, nítorí kò ju èèyàn kan péré lọ tí ẹ máa fi kún un.

Ọ̀gbẹ́ni Delorme, ta ló yọ ẹnì kejì? Kó jáde, kó dárúkọ ara rẹ̀ fún ìlú nínú gbọ̀ngàn kan náà. Ẹ kọ orúkọ Anselme Guérineau síbi tí ẹ kọ "ìdíwọ́ díẹ̀" sí, kí ẹ sì kọ ohun tó pa á. Kí ọkọ̀ náà tó kúrò létí odò nígbà ìrúwé tó ń bọ̀, èèyàn méjì ni kó jókòó sínú rẹ̀. Ó sàn kí apá kan ibùsùn mi ṣófo nítorí iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn ju kó ṣófo nítorí odò. Èsì yín ni mò ń dúró dè.