Ìka Tó Tẹ Ilẹ̀

Ìró ẹ̀rọ fíìmù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, tí yóò máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti pa fèrèsé rẹ̀ dé lọ́sàn-án gangan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Atlanta láti kàwé ní yunifásítì ni. Iṣẹ́ tí mo rí ṣe lẹ́yìn kíláàsì ni kí n máa yí fíìmù fún akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń bójú tó àwọn adènà ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilé ìwé wa. Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe èyí tí mo gbá nílé. Ó rí bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Wọ́n lè gbé e sáré, wọ́n sì lè jù ú lọ jìnnà. Iṣẹ́ adènà ni láti mọ èyí tó ń bọ̀ nínú méjèèjì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Kóòṣì, bí gbogbo wa ṣe ń pe akọ́nimọ̀ọ́gbá náà, ti ń wá ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà mọ̀ ọ́n.

Ènìyàn fìrìgbọ̀n ni, ohùn rẹ̀ a máa mi tábìlì. Gbogbo ohun tó ń ṣe ló ń yà mí lẹ́nu: kí ló ń rí nínú fíìmù kan tó fi ń wò ó nígbà ogójì? Purofẹ́sọ̀ ló ń pè mí, nítorí ìwé ìṣirò tí mò ń gbé kiri. Ohun kan ṣoṣo ni kò fẹ́ lára mi: tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mò ń wò, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé pé a kì í tẹjú mọ́ àgbàlagbà.

"Purofẹ́sọ̀, kí lò ń wá nílẹ̀ yẹn? Ṣé bàtà mi ló wù ẹ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Gbójú sókè jàre! Èmi kì í ṣe ọba."

Ojú mi kọ̀, kò gbé sókè. Ó wá di pé tí mo bá ń wo fíìmù pàápàá, ìsàlẹ̀ ni ojú mi ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ọ̀kan wà nínú àwọn òmìrán tó máa ń wà níwájú ẹgbẹ́ tí a fẹ́ bá pàdé ní Sátidé. Tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìka rẹ̀ a tẹ ilẹ̀ gan-an nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ sáré. Tí wọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, ìka náà á kàn fara kan koríko lásán. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé tí a bá pàdánù ní Sátidé, wọn yóò lé Kóòṣì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, mo ká a, mo fi sápò, mo wá ń dúró kí wọ́n bi mí. Ta ni mí, tí mi ò gbá irú bọ́ọ̀lù yẹn rí, tí n ó máa já lu ọ̀rọ̀ àwọn àgbà? Ní Sátidé, nígbà tí wọ́n sinmi ní ìdajì eré, mo lọ dúró lẹ́yìn Kóòṣì àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, mo káwọ́ sẹ́yìn, mò ń retí kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Fèrè dún, wọ́n padà sórí pápá. Nígbà tí eré parí, díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi borí wa. Mo sì rò pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá a gbé páálí ẹrù rẹ̀ lọ sínú mọ́tò, mo sì na ìwé náà sí i. Ó kà á, ó tún un kà, ó jókòó lórí páálí.

"Ìgbà wo lo ti mọ èyí?"

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí, sà."

Mo rò pé yóò gbá mi létí ni. Ẹ̀rín ló bú sí, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló fa omi náà.

"Níbi tí mo bá ti tún rí iṣẹ́," ó ní, "ìwọ lò ń bá mi lọ. Màá máa bi ẹ́."

Ó mú un ṣẹ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà títí èmi náà fi di akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn adènà. Nínú gbogbo ìpàdé tí mo pè, ẹni tó dara pọ̀ mọ́ wa kẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ní Sátidé, mo máa ń wa mọ́tò láti Stone Mountain lọ sílé rẹ̀ ní Jonesboro. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. A ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Ìka ńkọ́, Purofẹ́sọ̀?"

"Ó tẹlẹ̀, sà."

"Eré ni wọ́n fẹ́ sá," á wí, á sì mi orí, kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀.

Nígbà míì, oorun á ti gbé e lọ, kò ní lè bi mí. Síbẹ̀, mo máa ń sọ fún un.