Òkúta Ẹ̀yìnkùlé ní Mulhuddart

Ilé kan náà ni èmi àti bọ̀ọ̀dá ará Íńdíà kan jọ ń gbé ní Mulhuddart, ní ilẹ̀ Ireland, kálukú nínú yàrá tirẹ̀. Mò ń pè é ní bọ̀ọ̀dá torí pé ó jù mí lọ dáadáa. Inú rẹ̀ dùn sí i, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwọn náà ní Kẹ́rálà, wọn kì í pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ.

Ṣẹ́ńdà ni ìlù tó ń lù, ìlù gíga tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká òsì, tí wọ́n sì ń fi igi lù níbi ọdún. Ó sọ fún mi pé òkúta ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé. Ẹni tí igi rẹ̀ kò bá tíì dọ́gba lórí òkúta, wọn ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan awọ ìlù. Òun fúnra rẹ̀ ṣì ń lu òkúta ní ẹ̀yìnkùlé wa ní àràárọ̀. Ìyá àgbà ará Ireland tó múlé tì wá bi mí bóyá ògiri la ń wó. Mo ní ìlù ni. Ó ní "grand", ìyẹn ni pé ó dáa bẹ́ẹ̀, ó wá béèrè ìgbà tí ìlù náà fúnra rẹ̀ máa dé.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni bọ̀ọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́. Èèyàn méjì ló yẹ kó máa gbé arúgbó kan dìde lórí ibùsùn, àmọ́ ẹni tó ni ilé náà ti dín òṣìṣẹ́ kù kí èrè lè pọ̀, òun nìkan ló wá ń gbé wọn. Bí èjìká ọ̀tún rẹ̀ ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Ọsibítù ìjọba ní kó máa dúró títí ó fi máa kàn án láti ya àwòrán inú èjìká náà. Ọdún Ónàm, ọdún ìkórè àwọn ará Kẹ́rálà, sì ti ń sún mọ́lé, òun ló yẹ kó ṣáájú àwọn onílù.

Èmi tí mo gboyè jáde, káńtà kílíníìkì aládàáni ni mò ń jókòó sí. Mo máa rẹ́rìn-ín sí aláìsàn, mo máa na ẹ̀rọ káàdì sí i, kó tó rí dókítà. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán èjìká wà lẹ́yìn ògiri tí mo fẹ̀yìn tì. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé bó ṣe ń rí lára mi. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí, inú sì ń bí mi sí ara mi pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo bẹ ọ̀gá mi pé kí wọ́n bá mi ya èjìká bọ̀ọ̀dá láìgbowó. Kò bá mi wí. Ó kàn ní kò sẹ́ni tí kò lẹ́ni tí nǹkan ń dùn nílé.

Lọ́jọ́ ọdún, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ballymun, bọ̀ọ̀dá fi iwájú sílẹ̀ fún ẹlòmíì, ó dúró ní ìlà ẹ̀yìn. Ìlù náà bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń yára sí i, títí gbogbo èèyàn fi dìde. Igi tirẹ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà sílé, ó bi mí pé, "Àbúrò, ṣé o gbọ́ tèmi?"

"Ariwo pọ̀, bọ̀ọ̀dá. Ẹ ṣe dáadáa."

"Igi mi ò kan awọ rárá."

Mo ti rí i. Mi ò lè sọ fún un pé mo rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún gbọ́ òkúta náà. Ọwọ́ òsì ló fi ń lù ú. Ó ń ṣì í lù, ó ń dúró, ó ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí ọmọ tí wọn ò tíì gbé awọ fún. Mo ti wọ aṣọ iṣẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí bọ́ọ̀sì mi fi kọjá, mò ń retí kó dọ́gba. Kò dọ́gba.