Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọmọ Mi Ní Àrífín

Òjò ti ṣú lórí Adó, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò sì tíì dé láti lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ àfikún tó ń lọ ní àdúgbò Adébáyọ̀. Mo jáde sẹ́nu géètì, mo padà, mo tún jáde. Ìyá mi tó ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní, "Jókòó jàre! Ṣé ìwọ ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọlọ́dẹ fún ni?"

Nígbà tó dé, kì í ṣe ọ̀kadà ló gbé e wá. Ọkọ̀ bàbá kan nínú ìjọ wa ni. Bàbá juwọ́ sí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

"Ta ló ní kí o wọ ọkọ̀ rẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀ kí wọn ni, Mọ́mì, wọ́n ní kí n wọlé."

"Ṣé ó wù ọ́?"

"Rárá. Wọ́n kọ́kọ́ gba ọ̀nà tí kì í ṣe tiwa. Wọ́n ń bi mí bóyá mo ti ní ọ̀rẹ́kùnrin. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa sọ fún àgbà pé mi ò lọ?"

Bàbá náà kò fọwọ́ kàn án. Mo bi í, mo tún bi í, títí ó fi ń wò mí tàánú-tàánú.

Ara mi ò wá balẹ̀ mọ́. Ọmọ tiwa kì í sọ pé rárá fún àgbà. Ebi ì báà máa pa á kú, "Ẹ ṣeun sà, mo ti yó" ni yóò wí. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, ẹ̀kọ́ yẹn náà ló sì tì í wọ inú ọkọ̀.

Mo dé fìlà ọkọ mi, mo jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, mo di awakọ̀. "Ọmọ dáadáa, wọlé."

Orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà..."

"Dìde! Ta lò ń bẹ̀?"

Ẹ̀rín pa á, ẹ̀rín pa èmi náà, àmọ́ a ò ṣíwọ́ títí ó fi dúró ṣánṣán: "Mi ò lọ." Mo ní ibi tí èrò wà ni kó sá sí, kó pè mí, ohunkóhun tí àgbà bá ní kó má sọ fún mi, òun ni kó kọ́kọ́ sọ. Mi ò ní nà án.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá náà gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró tì wá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. "Ọmọ mi, wá jókòó níwájú. Màmá rẹ á máa bọ̀ lẹ́yìn."

Kò kúnlẹ̀. "Mi ò lọ, sà."

Àwọn ìyá ìjọ yíjú. Ìyá mi figbe ta: "Ùwà wo nì yí? Kúnlẹ̀ kíá!"

Bàbá wò mí. "Ìyá wọn, ṣé ẹ gbọ́?"

Èmi gan-an fẹ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń wò mí.

"Mo gbọ́, sà. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Mo fà á lọ́wọ́, a fẹsẹ̀ rìn. Ìyá mi ń kùn bọ̀ lẹ́yìn pé ayé á ní a ò kọ́mọ. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá yẹn burú lóòótọ́. Mo kàn ń bojú wẹ̀yìn ni, gbogbo ọkọ̀ tó bá ń bọ̀, mo ń wo ẹni tó ń wà á.