Ẹ̀wù Àrán Tí Kò Tètè Gbẹ

"Àdíját, ta ló fi ọ́ jẹ Ìyá Kéré?"

Ọláoyè ló bi í ní ìbéèrè yẹn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà ní Ìgándò, níṣojú àwọn oníbàárà. Ó fi bú u ni. Àdíját kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ aṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkùnrin náà wọ mọ́tò tó lọ, ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó sọdá títì wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kàwé, ta ni Ìyá Kéré?"

Kí n tó sọ èsì tí mo fún un, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ọkọ ló tẹ̀ lé wá sí Èkó. Ọkọ náà wá fi òun àti Qonitah ọmọ wọn sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ sí Kútọnu, kò sì padà. Àdíját kọ́ṣẹ́ alágbàfọ̀ lọ́wọ́ obìnrin ará Ìbàdàn kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, lẹ́yìn náà ló gba ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀ ilé Ọláoyè. Àwọn ará ìjọ Aládùúrà ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, funfun sì ni gbogbo aṣọ wọn. Bó ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ó ń fi òwú gán àmì kékeré sí abẹ́ ọrùn aṣọ, àmì ẹnì kan kò sì jọ ti ẹlòmíràn. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ó fún ẹnì kan ní aṣọ ẹnìkejì.

Ẹ̀wù oyè ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí aṣọ yòókù ṣe ń dé. Ẹ̀wù àrán ni, àwọn àgbà ìlú ló fi ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní àdúgbò wa. Alága àkọ́kọ́ gbé e wá fún fífọ̀, ó sì kú kó tó wá gbà á. Ẹni tó jẹ tẹ̀ lé e wá síbẹ̀ wá wọ̀ ọ́, Àdíját ló bá a tún ọrùn rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà náà ló ti di àṣà: òun ló ń tọ́jú ẹ̀wù, òun náà ló ń wọ̀ ọ́ fún alága tuntun lọ́jọ́ ìwúyè.

Abdulganiyy káfíńtà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ó ń bá wọn kan páànù gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó já bọ́, tó sì kú. Lẹ́bàá sàréè rẹ̀ ni Ọláoyè, akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà, ti sọ ọ́ sókè pé yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ti di ti Aasiyah, ìyàwó òkú, títí yóò fi fúnra rẹ̀ kó jáde. Gbogbo ẹgbẹ́ dáhùn pé àmín.

Lọ́dún 2011, Ọláoyè wọlé ìbò alága. Kò tíì gorí oyè tó ti bá oníṣòwò ọ̀dà kan sọ̀rọ̀ láti fi yàrá yẹn háyà fún un. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Aasiyah, ó sì ní kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí ọjọ́ ìwúyè tó pé. Nígbà tó wá bèèrè ẹ̀wù oyè, Àdíját sọ fún un pé, "Ẹ dá yàrá Aasiyah padà fún un ná." Ìyẹn ló fa ìbéèrè.

Mo wá dá a lóhùn. Mo ní nígbà tí àṣẹ Ọ̀yọ́ ń dé etí òkun, obìnrin kan wà láàfin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kéré. Ẹni tí wọ́n bá yàn sípò náà kò ní lọ́kọ mọ́ láyé. Adé, ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀wù, gbogbo ohun tí ọba fi ń jẹ́ ọba lójú ayé, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wà. Òun ló ń gbé adé lé ọba lórí. Àwọn ìlàrí tí ọba ń rán níṣẹ́, òun ni ìyá wọn. Ó ní ère kọ̀ọ̀kan fún wọn, irú àmì tí wọ́n sín sórí ìlàrí ló wà lórí ère rẹ̀.

"Bí òwú mi," Àdíját wí.

"Bí òwú rẹ. Tí ọba bá sì ṣẹ̀ ẹ́, á ti ẹrù ọba mọ́lé. Ọjọ́ ọdún á pé, ọba ò ní lè jáde sí ìlú."

"Obìnrin náà kò ní gbé idà?"

"Kò ní gbé idà."

"Ọba wá ńkọ́?"

"Á ránṣẹ́ ìpẹ̀ sí i."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kì í ṣáà ṣe ayálégbé ọba."

"Inú ilé ọba náà ló ń gbé, Àdíját."

Ó sọdá padà.

Nígbà tí ọjọ́ ìwúyè pé, àlejò ti jókòó sí gbọ̀ngàn kí oòrùn tó le. Aasiyah dúró lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù Àdíját, ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Báyọ̀dé, àbúrò Ọláoyè, kó ọkùnrin méjì dání dé.

"Ìyá Qonitah, ẹ gbé ẹ̀wù jáde o, ká má baà já ilẹ̀kùn yìí!"

"Àbúrò mi, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Wọlé jàre."

Ó wọlé, ó sì figbe ta. Inú bàsíà ńlá kan ni ẹ̀wù àrán wà, omi bò ó mọ́lẹ̀. "Yéè! Obìnrin yìí ti pa wá!"

"Ó dọ̀tí ni. Alágbàfọ̀ sì ni mí."

Báyọ̀dé gbá a mú, ó fẹ́ fún omi rẹ̀ dànù.

"Má fún un!" Àdíját kò pariwo, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin náà dúró. "Tó o bá fún àrán, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́ láti inú nìkan ló lè mú un gbẹ."

Báyọ̀dé rọra dá a padà sínú omi bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó sáré lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọláoyè dé pẹ̀lú fìlà oyè lórí. Bàbá Táyéwò, ẹni tó ṣáájú àwọn àlejò láti Ọ̀yọ́, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá.

"Àdíját, o fẹ́ dójú tì mí?"

"Rárá o, Alága. Mo fẹ́ wọ̀ yín láṣọ ni."

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

"Tí Aasiyah bá ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o mọ ilé ẹni tó o wà?"

"Ilé yín ni, sà."

"Wàá kó jáde níbí."

"Mo gbọ́, sà. Aasiyah ńkọ́?"

Bàbá Táyéwò ti dé ẹnu ọ̀nà. "Aasiyah wo?"

Aasiyah fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀. "Èmi ni, bàbá. Ìyàwó Abdulganiyy tó já bọ́ láti orí gbọ̀ngàn."

"Abdulganiyy?" Bàbá yíjú sí Ọláoyè. "Èyí tẹ́ ẹ ránṣẹ́ sílé pé ẹ ti fún ìyàwó rẹ̀ ní yàrá? Àwa ti fi ìròyìn yẹn tu ìyá rẹ̀ nínú."

Ọláoyè wo bàbá, ó wo bàsíà. Ó ki ọwọ́ bàpò, ó sì na kọ́kọ́rọ́ náà láìwo ojú ẹni tó gbà á.

Àdíját kò tan áyọ́ọ̀nù. Ó dúró títí Aasiyah fi ṣílẹ̀kùn, tó kó ẹrù wọlé, tó sì jáde wá juwọ́ sí i. Ìgbà náà ló tó nu omi ẹ̀wù pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì, tó yí i padà, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ láti inú. Etí ẹ̀wù ṣì tutù nígbà tó wọ̀ ọ́ fún Ọláoyè níwájú gbogbo èèyàn. "Ó bá yín mu, Alága," ó wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Oṣù yẹn kò tán tí Ọláoyè fi ní kí wọ́n kó ẹrù Àdíját síta. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kọjá, wọ́n ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi àti Aasiyah la bá a di ẹrù lọ sí Ayọ̀bọ̀. Aasiyah ní tirẹ̀ ṣì wà nínú yàrá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dán an wò mọ́.

Ọláoyè ká ẹ̀wù náà pamọ́ sínú àpótí pẹ̀lú etí rẹ̀ tó tutù. Nígbà tí sáà rẹ̀ parí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ṣí àpótí, wọ́n bá a pé ó ti bu. Wọ́n gbé e lọ bá Àdíját ní Ayọ̀bọ̀, wọ́n ní iye tó bá pè làwọn máa san.

"Mi ò pe owó," ó wí. "Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò sọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù mi síta, ṣé ẹ mú un dání?"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan wúkọ́. Àdíját gba ẹ̀wù, ó fi kọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i, ó sì fa àga fún wọn.

Wọ́n jókòó títí, wọ́n dìde, wọ́n lọ láìsọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀wù náà ṣì wà lára ògiri yẹn.