Ìlà Tí Neziha Fà Sójú Òkun

Ìwé náà dé orí tábìlì Neziha Souid ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò tíì kà á tán tí ara rẹ̀ kò fi lélẹ̀ mọ́. Ojú ewé kan péré ni: àwòrán rẹ̀ lókè, orúkọ rẹ̀ lábẹ́ àwòrán, ìlà mọ́kànlá lábẹ́ orúkọ. Ìlà keje ló mú un dìde lórí àga, tó gbé e dé ojú fèrèsé, tó tún dá a padà.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ apẹja El Attaya fún ọdún mẹ́fà, àti pé lábẹ́ ìdarí rẹ̀ ni ìjà ààlà láàárín ìdílé méjì parí láìdé kóòtù, tí oko òkun kọ̀ọ̀kan sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Apá kìíní, òótọ́ ni. Apá kejì, irọ́ ni. Neziha nìkan ló sì mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí kí á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni òun rò.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí òfin àárín àwọn orílẹ̀-èdè tó kọjú sí èbúté Sfax. Olùwádìí mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ òfin, ọ̀kan ti ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá ojú omi, ọ̀kan ti ṣaájú ikọ̀ ìjọba lọ sí ìpàdé ààlà lẹ́ẹ̀mẹta. Neziha ní tirẹ̀ kò ní ìwé ẹ̀rí kankan kọjá ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ apẹja ni baba rẹ̀, inú àpótí baba rẹ̀ ló sì ti kọ́ bí a ti ń ka ìwé ààlà àtijọ́. Nígbà tó ka ìwé inú àpótí tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé òfin àlòkù ní Sfax, ojú ewé kan lóòjọ́, kò sì jẹ́ ṣí èkejì títí àkọ́kọ́ yóò fi yé e. Nígbà tí baba rẹ̀ kú, kò sí ẹlòmíràn tó lè ka àpótí náà mọ́. Báyìí ni àwọn àgbà ọkùnrin El Attaya, tí wọn kì í fẹ́ kí obìnrin jókòó ní èbúté, ṣe fi obìnrin jẹ olórí. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ o. Ìwé ni wọ́n nílò.

"Màmá Neziha, ṣé ẹ ti fọwọ́ sí i?"

Mondher, ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí náà, ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Neziha fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

"Mo ṣì ń kà á."

"Ìlà mọ́kànlá! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé àdéhùn olójú ewé ọgọ́rùn-ún kí tíì tó tutù?"

"Ìlà keje yìí, ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni. Ṣé kò dùn ni?" Ó wọlé, ó fara ti tábìlì. "Ẹ gbọ́, Màmá. Àwọn ará Róòmù tó pe ìpàdé òfin òkun yìí ò béèrè ìwé ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n ní kí á kọ ni ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti darí rí, àti ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n fẹ́. Àwọn méjì tó kù, oyè wọn kún ojú ewé. Ẹ̀yin, ìlà keje yẹn ló máa gbé yín wọlé. Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán gangan, mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́."

"Bí n kò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?"

"Hatem tiwa níbí ni n ó fi rọ́pò yín."

"Hatem ò rí oko òkun rí láyé rẹ̀."

"Ó ti rí i nínú àwòrán." Mondher rẹ́rìn-ín jáde.

Neziha kò rẹ́rìn-ín. Ní Róòmù ni wọ́n ti fẹ́ kọ òfin tí yóò lé àwọn ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun kúrò níbi tí omi kò jìn, níbi tí àwọn ènìyàn ti ní oko òkun láti ayé baba ńlá wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń dúró de ìpàdé yìí. Nínú àwọn mẹ́rìnlá, òun nìkan ló ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ irú oko bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn erékùṣù Kerkennah, níbi tí El Attaya wà, à ń pín òkun bí à ti ń pín ilẹ̀. Bí ìkórè bá dé, tó ku díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan á gbin imọ̀ ọ̀pẹ dàbínù sínú omi tí kò ju àyà lọ, á tò ó bí ọgbà. Bí omi bá ń fà, ẹja á tẹ̀lé ọgbà náà lọ sínú ìgèrè. Ṣùgbọ́n ojú omi kì í gba ààlà. Orí ilẹ̀ ni àmì wà. Ìwọ yóò dúró nínú ọkọ̀, wàá wo ohun méjì lórí ilẹ̀, bí ọ̀kan bá ti bo èkejì mọ́lẹ̀, orí ìlà lo wà.

Ní ọdún kẹrin Neziha lórí oyè ni Khlifa, àgbà apẹja kan, àti Mokhtar, ọkọ Salha àbúrò Neziha, kọlu ara wọn lórí ibi tí ẹja ń gbà kọjá. Neziha ṣí àpótí. Ìwé ní ìlà náà ti orí mọ́sáláṣí gba orí ọ̀pẹ ẹ̀bá kànga lọ sójú òkun. Ó wá kànga, ó rí i. Ó wá ọ̀pẹ, ó wà níbẹ̀. Ó fa ìlà, ibi tí ẹja ń gbà sì bọ́ sọ́wọ́ Mokhtar. Khlifa pariwo pé kì í ṣe kànga yìí. Neziha ní kí ó mú ìwé wá. Khlifa kò mọ̀wé.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn tó ń ri páìpù omi mọ́lẹ̀ wú òkúta ẹnu kànga kan tí wọ́n ti dí tipẹ́, kùkùté ọ̀pẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: èyí gan-an ni ìwé ń sọ. Neziha fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti kànga tó fi fa ìlà. Ẹsẹ̀ méjìlélógójì ni. Ó tún un wọ̀n. Méjìlélógójì náà ni. Létí òkun, kò tó nǹkan. Bí ìlà bá fi máa dé ibi tí ẹja ń gbà, ó ti di odindi oko kan.

Ó wo àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ náà, ó ní, "Ẹ bò ó. Ẹ gba ibòmíràn."

Kí oṣù tó parí, ó sọ fún ìgbìmọ̀ pé ó ti rẹ òun, ó sì kó wá sí Sfax.

Ohun tó ń rìn nínú rẹ̀ láàárọ̀ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ó fi ọwọ́ lé kálàmù lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó po tíì, ó gbàgbé rẹ̀. Lójú rẹ̀, bí ó bá fọwọ́ sí i, irọ́ yóò di ìwé, ìwé yóò sì di àpẹẹrẹ tí àwọn ẹlòmíràn yóò máa fi dájọ́. Bí kò bá sì fọwọ́ sí i, Hatem ni yóò lọ fi àwòrán jà fún àwọn apẹja. Ọ̀nà méjèèjì kò dára. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó wọ ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí erékùṣù. Kò lè jókòó nínú rẹ̀. Ó rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.

Ó bá Khlifa níwájú ilé rẹ̀, ó ń hun ìgèrè. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbin imọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Khlifa."

"Hẹn. Ará Sfax. Jókòó, àbí àga wa ò tó ti ọ́fíìsì?"

Ó dúró. "Bàbá, ààlà yẹn, mo ṣì í."

Ọwọ́ bàbá náà kò dúró. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Kànga tí ìyá mi fi omi rẹ̀ wẹ̀ mí ni n kò ní mọ̀? Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà lójú gbogbo wọn. O ní kí n mú ìwé wá. Ṣé ìwé ni wọ́n fi wẹ̀ mí ni?" Ó fi eyín já okùn. "N kò bínú sí ọ púpọ̀. Èmi náà ti ṣìnà nínú kùrukùru rí. Ìgbà wo ni ìwọ mọ̀?"

Neziha lè sọ pé àná ni. Ó rò ó.

"Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn."

Ìgbà náà ni ọwọ́ Khlifa dúró. Ó gbé ìgèrè sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹyin wà nínú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́wàá. Ridha ọmọ mi fi òkun sílẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó ń ru àpò ólífì fún àwọn tó ń fún òróró ní ìlú yín lọ́hùn-ún. Ṣé o máa ń rí i?"

"Mo máa ń rí i."

"Ó máa ń kí ọ?"

"Ó máa ń kí mi, Bàbá."

"Ó káre. A kọ́ ọ nílé."

Neziha bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Khlifa gbé ọwọ́ sókè. "Má bẹ̀ mí níbí, bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Bí wọ́n bá kírun àláásárì tán, gbogbo wọn á jókòó ní èbúté. Ibẹ̀ lo ti gbà á lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ ni kí o ti dá a padà."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró láàárín ọkùnrin bí ogún, ó sọ ọ́ láìfi bò: ohun tó ṣì, ìgbà tó mọ̀, ohun tó sọ fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Mokhtar ló kọ́kọ́ fò dìde.

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ṣé oòrùn ti mú yín lórí ni? Mo ti gé imọ̀ ẹgbẹ̀rin! Ó wà nínú ọkọ̀!"

"Mokhtar, imọ̀ kì í yan òkun," bàbá arúgbó kan dá a lóhùn. "Gbìn ín síbòmíràn."

"Ẹ̀yin ẹ dákẹ́ ná! Ta ló mọ̀ bóyá kànga kan wà níbẹ̀ rárá?"

"Ẹ mú ṣọ́bìrì wá," Neziha ní.

Ó ṣáájú wọn lọ sí kànga tó fi fa ìlà, ó ka ẹsẹ̀ méjìlélógójì sókè láti ibẹ̀ kí gbogbo wọn gbọ́, ó ní, "Ẹ gbẹ́ ibí." Wọ́n gbẹ́. Ẹnu kànga yọ. Ẹni tó jẹ olórí lẹ́yìn rẹ̀ dúró sórí òkúta náà, ó wẹ̀yìn wo mọ́sáláṣí, ó wá kọjú sí òkun, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ti Khlifa ni," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó wá wo Neziha. "Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa pé ìwé kì í purọ́."

"Ìwé ò purọ́," Neziha dáhùn. "Èmi ni."

Salha bá a níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀, ó ju ọ̀rá ẹja gbígbẹ sí i lẹ́sẹ̀.

"Ẹ gbà. Nítorí ìyá wa ni, kì í ṣe nítorí yín."

"Salha…"

"Ọdún mẹ́wàá lẹ fi ń jẹ ẹja oko yẹn nínú ilé mi, ẹ̀ ń yìn ín! 'Salha, ẹja yìí dùn o.' Kí ló dé tí ẹ kò sọ nígbà náà?"

"Nítorí rẹ ni."

"Ẹ má dà á lé mi lórí! Ẹ bẹ̀rù pé wọ́n á ní ẹ gbè sẹ́yìn àbúrò yín ni. Orúkọ yín lẹ fi pamọ́, kì í ṣe èmi." Ó yí padà, ó ń lọ.

Neziha gbé ọ̀rá náà nílẹ̀. Òótọ́ ni Salha sọ, Neziha kò sì tíì sọ ọ́ fún ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí ọ̀sán tó pé, ó gbé ìwé wọlé tọ Mondher lọ. Ó ti fọwọ́ sí i. Ó ti fa igi gba àárín ìlà keje, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mondher kà á sókè:

"'Nínú ìjà ààlà kan ṣoṣo tó dá ẹjọ́ rẹ̀, ó gbé oko fún ẹni tí kò ni ín. Ó mọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, ó sì fi ọdún mẹ́wàá dákẹ́.'" Ó gbójú sókè. "Màmá, ta ló ń kọ irú èyí nípa ara rẹ̀?"

"Ẹni tó ṣe é."

"Ẹ jẹ́ ká kàn yọ gbogbo rẹ̀. Ká sọ pé ẹ ṣe olórí fún ọdún mẹ́fà, ká dákẹ́."

"Wọ́n béèrè ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ohun tó jáde nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ rán mi, ẹ rán mi pẹ̀lú rẹ̀."

"Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n máa fi ìwé yìí ṣe? Wọ́n á ní, ẹ wò ó, àwọn fúnra wọn ò mọ ibi tí ààlà wọn wà."

Neziha kò tíì rò ó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó jókòó, ìgbà àkọ́kọ́ tó jókòó dáadáa láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mondher gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó fa fóònù mọ́ra, ó sì pe orúkọ Hatem.

"Mo ti gbọ́," Neziha ní. "Ṣùgbọ́n bí òun ni yóò bá lọ, ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀lé mi lọ sí erékùṣù ní Sátidé. Kí ó wọ bàtà tí omi lè bà jẹ́."

Ní Sátidé, ọkọ̀ Khlifa gbé ènìyàn mẹ́ta. Hatem, ọ̀mọ̀wé ẹni ogójì ọdún, di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tó di ẹ̀mí ara rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ ti funfun. Khlifa wà nínú omi títí dé àyà pẹ̀lú ìdì imọ̀ ní èjìká. Neziha náà wà nínú omi, ó di ọ̀pá àkọ́kọ́ mú níbi tí bàbá náà ní kó dì í mú.

"Sún sí òsì," Khlifa ní.

Ó sún.

"Òsì, mo ní. Ṣé òsì Sfax yàtọ̀ ni?"

Ó tún sún. Hatem na ọrùn láti inú ọkọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ibí ni? N kò rí ohun kankan."

Neziha yíjú sí i, ó la ẹnu láti ṣàlàyé mọ́sáláṣí àti kànga àti bí ojú ṣe ń gbé ọ̀kan lé èkejì.

"Ìwọ, dákẹ́," Khlifa sọ fún Neziha. "Èmi ló bi. Ọ̀pá ni mo ní kí o dì mú."

Ó pa ẹnu dé. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń ti ọ̀pá náà síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í, ó sì gbọ́ tí bàbá náà ń sọ fún Hatem pé kó dìde dúró, kó má wo omi, kó wo ilẹ̀.