Eérú Tí Oiva Dà Sídìí Búlúbẹ́rì

Ní Kuhmo, ìlú kékeré kan tí igbó yí ká, ẹni tó bá gbin búlúbẹ́rì, èso dúdú wẹ́wẹ́ tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, sẹ́yìn ilé, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi rín in pa. Ṣé igbó tó kún fún èso ọ̀fẹ́ yìí kò tó o ni? Ṣùgbọ́n Oiva, awakọ̀ agbégẹdú tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò gbin nǹkan kan rí láyé rẹ̀, ra igi mẹ́ta, ó gbìn wọ́n sójú fèrèsé ìyàwó rẹ̀, Hilkka.

Ìdí wà. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Hilkka lẹ́sẹ̀, kò lè wọgbó mọ́. Obìnrin yìí, èso tí kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ já, kò ní fi kan ẹnu. Rauni aládùúgbò wọn gbé èso kún bọ́kẹ́ẹ̀tì wá fún un, Hilkka yíjú sí ògiri. Oúnjẹ gan-an kò wù ú mọ́. Ẹ̀rù ń ba Oiva pé ayé ti ń sú ìyàwó òun. Ó ní bí igi bá so nítòsí, Hilkka á lè jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn kó já a.

Igi ò so. Ńṣe lewé ń pọ́n, tó ń rẹ̀ dànù. Oiva náà ò dẹwọ́. Bí wọ́n bá ti wẹ̀ tán nílé ìwẹ̀ olóoru ní Sátidé, á kó eérú ààrò ibẹ̀ dà sídìí wọn. Wọn kì í sọ eérú nù lọ́dọ̀ wọn. Kábéèjì ń jẹ ẹ́, igi ápù ń jẹ ẹ́.

Rauni yọjú lórí ọgbà. "Oiva, kí lò ń dà síbẹ̀ yẹn?"

"Eérú ni. Oúnjẹ gidi."

"Yéè! O ti pa wọ́n! Ilẹ̀ tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ ni nǹkan yìí fẹ́, eérú ló sì ń ba kíkan ilẹ̀ jẹ́. Ta ló ń da eérú fún tinú igbó? Lọ bu ilẹ̀ níbi tó ti ń hù dáadáa, kó o fi pààrọ̀ èyí."

Ibo ló ti ń hù dáadáa? Hilkka ló mọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ẹnìkan kì í bi ẹnìkejì níbi tó ti ń já èso, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkọ àti aya. Ìyá Hilkka ló fi ibẹ̀ hàn án, Hilkka sì pa ẹnu mọ́ nípa rẹ̀. Oiva náà ò bi í rí.

Ó wọlé, ó dúró bí ọmọ tó fọ́ àwo. "Hilkka, mo ti fi eérú pa igi ẹ."

"Eérú kẹ̀?" Hilkka bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́ o!" Ẹ̀rín náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. "Kọjá afárá pákó. Yà sósì níbi òkúta ńlá méjì. Ẹ̀yìn irà ni."

Oiva mọ̀ pé obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò ní débẹ̀ mọ́. Ó mú àpò, ó lọ, ó bu ilẹ̀ bọ̀.

"Ṣé àwọn èso ibẹ̀ ti pọ́n?" ni Hilkka bi í.

"Gbogbo ibẹ̀ dúdú fún wọn."

"Èyí tó o já dà?"

"N ò já ìkankan. Tìẹ ni."

"Tèmi? Ẹsẹ̀ wo ni n ó fi débẹ̀?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Àgbàyà yìí! Mo ti sọ ibẹ̀ fún ẹ. Ọwọ́ ẹ ti di ọwọ́ mi nìyẹn. Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, padà lọ."

Nígbà tí Oiva dé, Hilkka kò jẹ́ kó fọ èso náà. Ẹnu ló là sílẹ̀ fún un, kó fi wọ́n sí i.