Èéfín Tùràrí Létí Ọ̀sà

Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ẹgbẹ́ àsàlátù àwa obìnrin máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti lọ gba atẹ́gùn. A ti lọ wo òkè, a ti lọ wo ẹranko nínú ọgbà, a sì ti lọ sí ilé oúnjẹ kan n'Íbàdàn níbi tí wọ́n ti fún wa ní ìrẹsì tó tutù. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, Ìyá Àdínì, tí wọ́n jẹ́ olórí wa, kéde pé ọkọ̀ ojú omi la máa wọ̀ l'Ékòó. Ọkọ̀ náà máa gbé wa yí ọ̀sà ká, a máa sọ̀ létí òkun, a máa jẹun níbẹ̀, a ó sì padà. Ìrókò ni à ń gbé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò rí omi tó ju odò tí à ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí lọ rí. Ariwo tó sọ nínú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé Mẹ́kà ni wọ́n fẹ́ gbé wa lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lè mú ọmọ kan dání. Kí n tó délé, àbígbẹ̀yìn mi ti gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi aṣọ tútù nu bàtà ọdún rẹ̀.

Ikọ́ fée ló ń ṣe ọmọ náà. Bó bá gbé e, àyà rẹ̀ á máa dún bíi fèrè tí àwọn ọmọdé ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ṣe, kòtò ọrùn rẹ̀ á máa jìn wọlé bó ṣe ń fa èémí. Mo mọ ohun tó ń fà á dáadáa: ekuru, òórùn tó bá le, àti èéfín ju gbogbo wọn lọ. Gaàrí ni mo ń yan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ọjọ́ tí mo bá dáná gaàrí ni ikọ́ máa ń gbé e, mo pa iṣẹ́ náà tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọṣẹ àti ìpápánu níwájú ilé. Nọ́ọ̀sì ilé ìlera ìlú wa ló kọ́ mi bí a ṣe ń lo ìnhélà, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sẹ́nu. Ó ní kí n gbé ìgò omi oníke kan, kí n dá ihò sí ìdí rẹ̀ tó máa gba ẹnu ìnhélà náà ṣinṣin. Èmi á fọ́n oògùn sínú ìgò láti ìdí, ọmọ á fi ẹnu sí ẹnu ìgò, á máa fà á díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ṣe ń dé inú àyà láìdúró sí ọ̀nà ọ̀fun.

Àwa tá a wà nínú ilé nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, àìsàn ọmọbìnrin kì í jáde síta. Ìyá ọkọ mi ló kìlọ̀ fún mi láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní kékeré.

"Ìyàwó, bí o bá ń pariwo ikọ́ kiri, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ yìí, ikọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá wa sọ."

Nítorí náà, bó bá gbé e nílé ìwé, ọ̀fìnkìn la máa ń pè é. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó níbi tí wọ́n ti ń dáná igi, a ó ní ó ń sùn. Ó ti sun ọ̀pọ̀ oorun tí kò sùn.

Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ kó lọ rárá. "Lórí omi?" ni wọ́n wí. "Bó bá gbé e lórí omi ńkọ́? Ṣé ẹja ló máa gbé e lọ sí ọsibítù?"

Ọmọ náà dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Bàbá mi, nílé níbí náà ó máa ń gbé mi."

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?" Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Ó wọ èmi náà lára. Mo ronú sí i pé ilé la fẹ́ fi ṣe oògùn fún ọmọ yìí, kò sì wò ó sàn. Mo ní mo máa mú un lọ.

Mo kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó gbọn ìnhélà wò bóyá oògùn ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ó ní kí n ra ọ̀kan sí i. Ó ní kí méjèèjì má kúrò lára mi, kí n má kó wọn sínú ẹrù tí wọ́n máa jù sábẹ́ ọkọ̀. Ó tún ní, "Kí ẹ sì sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń lọ, Màmá." Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Bọ́ọ̀sì pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé wa láàárọ̀, wọ́n ń kọ wákà bọ̀ láti Ìrókò títí a fi já sójú ọ̀nà márosẹ̀. Ọmọ mi jókòó sójú fèrèsé, ara rẹ̀ yá. Nígbà tí a dé etí ọ̀sà, ọkọ̀ ti ń dúró dè wá, ó funfun, ó ní òrùlé, ó sì ní àga bíi ti ilé ìwé. Ọlọ́kọ̀ kó jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sílẹ̀. Akápò ẹgbẹ́ wa, tó sanra dáadáa, wọ ọ̀kan, kò pa dé níwájú, ó wọ òmíràn, kò pa dé.

"Ẹ̀yin ará Èkó," ló wí, "ṣé àwọn tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló máa ń já sómi lọ́dọ̀ yín ni?"

"Màmá, tiyín ń bọ̀," ni ọlọ́kọ̀ wí. "Inú yàrá ọ̀tọ̀ la máa ń kó ti àwọn èèyàn ńláńlá sí."

A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i tí Ìyá Àdínì gbé ìkòkò kékeré jáde. Ó yẹ kí n ti rántí. Ẹgbẹ́ wa kì í wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn láìsun tùràrí. Wọ́n á kó ẹyinná sínú ìkòkò náà, wọ́n á da tùràrí sí i, olúkúlùkù á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, á ṣí híjáàbù rẹ̀ kí èéfín wọ abẹ́ rẹ̀, Ìyá Àdínì á sì máa ṣe àdúà lé wa lórí. Ní Ìrókò, bọ́ọ̀sì ti pẹ́, wọ́n ò rí àyè ṣe é. Wọ́n fẹ́ ṣe é níbi yìí.

"Màmá, iná ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ o," ni ọlọ́kọ̀ pariwo. "Pẹtiróòlù wà níbẹ̀!"

"Ta ló fẹ́ gbé e wọkọ̀?" ni Ìyá Àdínì dáhùn. "Orí ilẹ̀ la wà yìí."

Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi páànù bò ni gbogbo wa wà. Èéfín náà ò rí ibi jáde. Mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, mo mú un lọ sí ìkángun, mo ń ṣe bí ẹni tó ń fi àwọn lékèélékèé hàn án.

"Ìyàwó wa!" Ìyá Àdínì ti rí mi. "Ìwọ àti ọmọ ẹ, ẹ ò fẹ́ gba àdúà ni?"

"Ó ti di ará Èkó," ni akápò wí. "Tùràrí ti ń rùn sí i." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Kí ni mo máa sọ? Ẹni tó bá kọ èéfín, àdúà ló kọ̀ lójú gbogbo ayé. Mo ní kí ọmọ mi mú èémí rẹ̀ dúró, a sì lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó mú un dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Àdínì ṣe àdúà fún ọkọ̀, wọ́n ṣe é fún omi, wọ́n ṣe é fún ọlọ́kọ̀ àti àwọn tó bí ọlọ́kọ̀. Kí a tó ṣe àmín tó kẹ́yìn, mo gbọ́ tí ọmọ mi fa èémí gbọọrọ.

A ò tíì rìn jìnnà lórí omi tí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, fèrè inú àyà rẹ̀ sì dún. Kò sunkún. Kì í sunkún bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú mi ló máa ń wò. Mo fà á wọ abẹ́ híjáàbù mi, mo yọ ìgò àti ìnhélà nínú báàgì tí mo gbé kọ́ ọrùn, mo ń wá ẹnu rẹ̀ nínú òkùnkùn tí mo fi aṣọ ṣe fún un.

"Kí lẹ̀ ń mu níbẹ̀ tí ẹ ò fún wa?" ni akápò bèèrè.

Mo fọ́n oògùn náà. Kò rí i fà dáadáa. Ooru mú lábẹ́ híjáàbù, òórùn tùràrí kún ibẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì sì fún àyà rẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ tí èémí náà túbọ̀ kúrú. Mo gbójú sókè, omi ni mo rí níwájú, omi ni mo rí lẹ́yìn, etí ilẹ̀ tí a ti kúrò ti rí bí okùn tínrín. Ìyẹn ló là mí lẹ́nu. Mo ká híjáàbù náà sókè kúrò lórí ọmọ.

"Ẹ dákun, ẹ sún fún wa!" Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. "Ikọ́ fée ló ń ṣe ọmọ mi. Èéfín ló gbé e dìde. Atẹ́gùn ló ń fẹ́."

Wákà tí wọ́n ń kọ dúró sẹ́nu wọn. Ọlọ́kọ̀ dẹ ẹ́ńjìnnì, ó sáré wá, ó tú okùn jákẹ́ẹ̀tì ọmọ náà títí ó fi dẹ̀ lára rẹ̀ láìbọ́ ọ kúrò. Ìyá Àdínì dìde, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àfi bí wọ́n ṣe dúró láàárín ọ̀nà, tí wọ́n gbọ́ òórùn apá aṣọ ara wọn, tí wọ́n sì fi ẹ̀yìn rìn padà.

"Ara mi ń rùn fún èéfín," ni wọ́n wí. "Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ yan ara yín bí ẹja yìí, ẹ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ yẹn! Ẹ bọ́ sẹ́yìn!"

Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ.

"Ẹ má kó ara yín jọ sẹ́yìn o!" Ọlọ́kọ̀ fẹ́ẹ̀ sunkún. "Ọkọ̀ á fì! Ẹ pín sọ́tùn-ún, ẹ pín sósì! Màmá ńlá, ẹ̀yin ẹ jókòó sáàárín, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ó ti rí mi," ni akápò wí, ó sì jókòó sáàárín.

Èmi àti ọmọ mi bọ́ sí iwájú ọkọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ láti orí omi tààrà, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju òórùn iyọ̀ lọ. Mo gbé ìgò sí i lẹ́nu, mo fọ́n ọ̀kan. Ó fà á díẹ̀díẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ. A dúró díẹ̀. Mo fọ́n òmíràn. Mo ń gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà tó ń lọ lọ́wọ́ Ìyá Àdínì. Fèrè inú àyà náà ń dún, ó dún sí i, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà bí ẹni tó ń fọn ọ́n bá ń rìn lọ. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ohun tí n óò máa wọ̀nà fún ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀: bó bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí, ewu ti ń rọlẹ̀.

Ó mú ìgò kúrò lẹ́nu. "Màmá, ẹ wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ yẹn, ó ga ju mọ́ṣáláṣí wa lọ!"

Kò dúró mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọkọ̀.

"Ṣé ká padà ni, àbí ká máa lọ?" ni ọlọ́kọ̀ bèèrè. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo fetí sí àyà ọmọ náà, mo tún fetí sí i. Mo wo ọrùn rẹ̀, kò wọlé mọ́. Mo ní ká máa lọ.

Etí òkun ni Ìyá Àdínì ti pè mí jókòó sórí ẹní wọn. Wọ́n ti bọ́ híjáàbù tó ń rùn fún èéfín, wọ́n wé gèlè lásán.

"Ìyàwó, kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Mo fi ọwọ́ ara mi fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ìyá ọkọ mi ló ní kó má jáde síta, nítorí ọjọ́ ìtọrọ."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú wọn.

"Ìyá ọkọ ẹ? Èmi àtẹni yẹn la jọ ń sùn lórí ẹní kan nílé kéwú. Fèrè kan náà ló máa ń fọn sí mi létí lásìkò ọyẹ́! Mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi í lè sùn bí kò bá dún. Wọ́n sì tọrọ rẹ̀, wọ́n fẹ́ ẹ, ó bí ọkọ ẹ àti mẹ́fà mìíràn."

Mo gba ẹ̀kọ àti ẹja lọ́wọ́ wọn, mo jẹ ẹ́ tán. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí mo jẹ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ọmọ mi àti àwọn ọmọ yòókù ń sá fún ìgbì omi, wọ́n ń padà lọ bá a. Mo ń kà á sọ́kàn bó ṣe ń sáré tó, nígbà tó yá mi ò kà á mọ́.

Nígbà tí a fẹ́ padà wọkọ̀, ẹnì kan bèèrè bóyá kí a dáná sí tùràrí. "Rárá o," ni Ìyá Àdínì wí. "Ọlọ́run kì í fi imú gbọ́ àdúà." Wọ́n ṣe àdúà náà níbẹ̀ láìsí èéfín. Kò kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a délé. Bàbá rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà ò jẹ́ kí wọ́n kí wa tán. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ọkọ̀ ńlá náà ṣe ga tó, ó sọ bí wọ́n ṣe kó àpótí irin lérí ara wọn sórí rẹ̀, ó sọ bí ìgbì rẹ̀ ṣe gbé ọkọ̀ tiwa sókè tí akápò sì ń pe orúkọ Ọlọ́run. Èmi dúró, mò ń retí ìgbà tó máa kan ọ̀rọ̀ ikọ́. Kò kàn án. Níkẹyìn bàbá rẹ̀ wojú mi, wọ́n sì bi í fúnra wọn.

"Ṣé kò gbé ẹ?"

"Ó gbé mi díẹ̀," ni ọmọ náà wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ yẹn tán ná."

Wọ́n sún lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kó jókòó.